Kí Wọ́n Tó Ṣa Ọmọ Olóye, Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Yẹ Gbogbo Ọmọ Wò

Ní ọdún 2019, ilé ẹ̀kọ́ girama Stuyvesant ní ìlú New York fún ọmọ 895 láyè láti wọlé. Méje péré ni aláwọ̀ dúdú nínú wọn. Ní 2021, ọmọ 749 ni wọ́n fún láyè, aláwọ̀ dúdú sì jẹ́ mẹ́jọ. Ilé ìwé ìjọba ni Stuyvesant o, kì í ṣe ti aládàáni. Owó orí gbogbo ará ìlú ni wọ́n fi ń gbé e ró, kò sì sí ọmọ tó ń san owó ilé ìwé níbẹ̀. Nínú ìlú tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ti ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé ìjọba lọ nígbà náà, kò sí bí a ṣe lè gbọ́ iye yìí ká má kọminú. Lọ́dọọdún tí èsì ìdánwò àbáwọlé rẹ̀ bá jáde, ariwo á sọ. Àwọn kan á ní kí wọ́n fagi lé ìdánwò náà pátápátá. Àwọn mìíràn á ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kò fẹ́ kí ọmọ tó ṣiṣẹ́ jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ariwo á rọlẹ̀, ọdún mìíràn á dé, èsì náà kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Èrò tèmi ni pé ìjà yìí ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò jókòó sórí àga díẹ̀ tó wà ni wọ́n ń jà sí. Ohun tó yẹ kí wọ́n máa bi ara wọn ni ìdí tí àga náà kò fi pọ̀ sí i, àti ìdí tí ìjọba kò fi wá àwọn ọmọ tó yẹ wọ́n dé ibi tí wọ́n wà.

Ó yẹ kí a mọ bí àwọn kan nínú irú àwọn ilé ìwé àṣàyàn wọ̀nyí ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ ní 1954 pé yíya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ funfun nílé ìwé kò bófin mu, ọ̀pọ̀ ìlú ló ń wá ọ̀nà tí àwọn ọmọ yóò fi máa kàwé pọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fi ipá kó wọn kiri nínú bọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni ilé ìwé tí wọ́n ń pè ní magnet ti wá. McCarver, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Tacoma, ni wọ́n sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́, ní 1968. Wọ́n á gbé ẹ̀kọ́ kan tó wuyì, ìbáà ṣe sáyẹ́ǹsì, orin tàbí èdè, sí àdúgbò kan, kí àwọn òbí láti àdúgbò mìíràn lè fi ìfẹ́ inú ara wọn mú ọmọ wá síbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn kan nínú wọn di ti àṣàyàn ọmọ, tí ọmọ kò lè wọ̀ àfi bó bá yege ìdánwò tàbí bí máàkì rẹ̀ bá ga. Irú èyí ni ètò sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti kọ̀ǹpútà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985 nínú Montgomery Blair High School ní Silver Spring, ìpínlẹ̀ Maryland. Ọdún yẹn kan náà ni ilé ìwé Thomas Jefferson ti sáyẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀ ní Káúńtì Fairfax, ní Virginia. Ó dùn mí pé ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti mú àwọn ọmọ sún mọ́ra ti wá di ohun tó tún ń yà wọ́n nípa. Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa: Maryland wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló sì ń gbé ní Káúńtì Prince George's àti Montgomery, tí ọmọ wọn ń lọ sí àwọn ilé ìwé ìjọba tí à ń sọ yìí.

Àwọn tó ń gbèjà ìdánwò New York a máa sọ pé ìdánwò kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Òfin kan tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 1971 ló sọ pé ìdánwò kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa fi mú ọmọ wọ Stuyvesant, Bronx Science àti Brooklyn Tech. Lónìí, ilé ìwé mẹ́jọ ló ń lò ó. Ju ọmọ 20,000 lọ ló ń jókòó ṣe é lọ́dún, nǹkan bíi 4,000 sí 5,000 ló sì ń rí àyè. Kò sẹ́ni tó ń wo àwọ̀ ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń máàkì. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó dé ìdí tábìlì ìdánwò, ọ̀pọ̀ nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ sọ fún òbí rẹ̀ pé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ wà, ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn mìíràn sì ti fi òpin ọ̀sẹ̀ lọ sí lẹ́sìn olówó gọbọi fún odindi ọdún kan tàbí méjì. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń wa takisí lóru, tí ìyá rẹ̀ ń tọ́jú arúgbó ní ọjọ́ méjèèje ọ̀sẹ̀, lè mọ ìṣirò ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kó má sì mọ̀ pé ìdánwò ti kọjá. Asẹ́ tó ń jọ ọmọ dànù kò sí nínú bébà ìdánwò nìkan. Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ti jọ àwọn ọmọ sẹ́yìn tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó pín bébà.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti Káúńtì Broward ní gúúsù Florida, ọ̀kan lára àwọn káúńtì tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ṣáájú 2005, olùkọ́ tàbí òbí ló gbọ́dọ̀ dárúkọ ọmọ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó wà lára àwọn olóye tó yẹ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe. Òbí tó rí já jẹ tún lè sanwó fún onímọ̀ aládàáni kó bá a dán ọmọ rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ dúdú àti àwọn tí ìran wọn wá láti Látìn Amẹ́ríkà ju ìdajì akẹ́kọ̀ọ́ káúńtì náà lọ, síbẹ̀ ìdá 28 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n jẹ́ nínú àwọn ọmọ kíláàsì kẹta tí wọ́n kà sí olóye. Ní 2005, àwọn aláṣẹ pinnu pé gbogbo ọmọ kíláàsì kejì ni àwọn yóò yẹ̀ wò, yálà ẹnikẹ́ni dárúkọ wọn tàbí kò dárúkọ wọn. Ìdánwò kékeré kan ni, tó dá lórí àwòrán àti bátànì, tí ọmọ tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa náà lè ṣe. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga níbẹ̀ ni wọ́n á wá fà lé onímọ̀ lọ́wọ́ fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí. David Card, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ní 2021, àti Laura Giuliano ṣe ìwádìí lórí ohun tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2016. Nínú gbogbo ọmọ Látìn, àwọn tí wọ́n kà sí olóye fò láti ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún sí mẹ́fà. Nínú àwọn ọmọ dúdú, láti ìdá kan sí mẹ́ta. Wọn kò rẹ òṣùwọ̀n sílẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ náà ti wà níbẹ̀ látijọ́, nínú kíláàsì kan náà, níwájú olùkọ́ kan náà. Kò sẹ́ni tó wò wọ́n ni.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, torí pé ó kan ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbà gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Tí èsì ìdánwò bá fi hàn pé ọmọ dúdú kò pọ̀ láàárín àwọn olóye, ẹni tó bá ń kánjú á ní bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe pín in, tàbí pé àwọn òbí wọn kò bìkítà. Broward fi hàn pé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wá wọn ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn olùkọ́ tó ń dárúkọ ọmọ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sapá gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá olóye á máa wo ọmọ tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáká, tí aṣọ rẹ̀ mọ́, tí òbí rẹ̀ ń wá sí ìpàdé, á sì gbójú fo èyí tó dákẹ́ sí ẹ̀yìn kíláàsì. Ìyẹn gan-an ni ìwádìí náà rí: àwọn tí wọ́n kì í dárúkọ ni ọmọ tálákà, ọmọ dúdú, ọmọ Látìn, àti ọmọbìnrin. Nígbà tí ọrọ̀ ajé wá dojú rú, tí wọ́n ń gé owó ilé ìwé, Broward dá àyẹ̀wò gbogbogbòò náà dúró, àlàfo àtijọ́ sì padà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹni tó bá rò pé ìwà rere olùkọ́ nìkan ti tó.

Rírí ọmọ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ o. Kí ni wọ́n fún un lẹ́yìn tí wọ́n rí i? Níbẹ̀ náà, Broward ní nǹkan kan láti sọ fún wa. Òfin káúńtì náà ni pé ilé ìwé tó bá ní ọmọ olóye kan ṣoṣo ní kíláàsì kẹrin gbọ́dọ̀ dá kíláàsì àkànṣe sílẹ̀ fún un. Ọmọ kan kò lè kún kíláàsì, nítorí náà wọ́n á fi àwọn ọmọ tí máàkì wọn ga jù nínú ilé ìwé kan náà dí àyè tó kù. Nípa báyìí, ẹ̀kọ́ tó ga dé àwọn ilé ìwé àdúgbò tálákà tí irú rẹ̀ kì bá tí dé láéláé. Card àti Giuliano rí i pé àwọn ọmọ dúdú àti Látìn tí wọ́n fi dí àyè náà tẹ̀ síwájú gan-an nínú ìwé kíkà àti ìṣirò, ìtẹ̀síwájú náà kò sì ṣá bọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tó kù sí kíláàsì yòókù kò pàdánù ohunkóhun. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn ọmọ wọ̀nyí kò yege àyẹ̀wò olóye o. Ọmọ tó ń ṣe dáadáa ni wọ́n, tí wọ́n gbé iṣẹ́ tó le fún, tí wọ́n sì gbé e.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwádìí mìíràn tó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu. Ní 2014, Abdulkadiroğlu, Angrist àti Pathak, onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, tẹ èsì iṣẹ́ wọn jáde lórí àwọn ilé ìwé àṣàyàn Boston àti New York. Wọ́n fi ọmọ tó fi máàkì díẹ̀ wọlé wé ọmọ tó fi máàkì díẹ̀ kù síta, torí pé àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra lọ́jọ́ ìdánwò. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, èsì ìdánwò àwọn méjèèjì ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba. Àwọn kan ti fi èyí jiyàn pé ẹ̀kọ́ àkànṣe kò wúlò. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe kà á ni pé ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Stuyvesant kì í ṣubú sínú òfìfo. Ilé ìwé mìíràn tó ní olùkọ́ ìṣirò gidi àti ẹgbẹ́ tó mọ̀wé ló sábà máa ń lọ. Ọmọ àdúgbò tálákà ní Broward, bí kíláàsì àkànṣe yẹn kò bá sí, kò ní ibi mìíràn láti lọ. Ohun tó ń ṣe ọmọ lóore ni iṣẹ́ tó le, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n, àti ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ lè fikùn lukùn. Orúkọ tó wà lára géètì kọ́. Bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí tí a ó fi jẹ́ kí ilé mélòó kan dá ohun rere yìí mọ́ra, nígbà tó ṣeé gbìn sí àdúgbò gbogbo.

Thomas Jefferson ní Virginia ni ibi tí wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn tó sì dé ilé ẹjọ́. Ní òpin 2020, ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ Fairfax fagi lé ìdánwò àbáwọlé àti owó tí òbí ń san kí ọmọ tó lè dán an wò. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ìpele àárín kọ̀ọ̀kan ní káúńtì náà yóò ní àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdá kan àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ rẹ̀, àwọn tó mọ̀wé jù, wọ́n sì fi kún gbogbo àyè ọdọọdún ilé ìwé náà títí tó fi di 550. Ọdún àkọ́kọ́ rèé: àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó lọ́wọ́, tí wọn kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún tó ṣáájú, di ìdá 25. Àwọn ọmọ dúdú gòkè sí ìdá méje. Àwọn ọmọ Éṣíà wálẹ̀ láti ìdá 73 sí 54, àwọn òbí kan sì pe ẹjọ́ pé nítorí àwọn ni wọ́n ṣe yí òfin náà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ìgbìmọ̀ náà láre ní 2023, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ náà ní oṣù kejì 2024. Ohun tí wọn kì í sábà mẹ́nu bà ni pé iye àwọn ọmọ Éṣíà tí òbí wọn jẹ́ tálákà náà lọ sókè gan-an lábẹ́ ètò tuntun náà. Àwọn náà wà lára àwọn tí asẹ́ àtijọ́ jọ dànù.

Síbẹ̀ n kò ní fọwọ́ rọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn òbí tó pe ẹjọ́ sẹ́yìn. Ní New York, ọ̀pọ̀ lára àwọn ọmọ Éṣíà tó ń wọ Stuyvesant jẹ́ ọmọ àtìpó tí kò lówó, tí òbí wọn ń fi oúnjẹ du ara wọn kí ọmọ lè lọ sí lẹ́sìn. Ẹni tó bá ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi àga rẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ ẹlòmíràn lè jókòó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín tálákà méjì, ìjà náà kò sì ní parí. Àbá tí olórí ìlú náà nígbà yẹn, Bill de Blasio, gbé jáde ní 2018 láti fi máàkì ọdọọdún àwọn ọmọ rọ́pò ìdánwò bá irú àtakò yìí pàdé, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà kò sì fọwọ́ sí i. Mo rí i pé àbá náà ní èrò rere nínú, ṣùgbọ́n àga tó wà nílẹ̀ ló fẹ́ tún pín. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n fi kún àyè, kí wọ́n sì tan ètò náà ká. Fairfax fi kún àyè nígbà tó ń yí òfin, ìyẹn sì wà lára ohun tó bọ́gbọ́n mu jù nínú ohun tó ṣe.

Àwọn kan á sọ pé bí a bá sọ ẹ̀kọ́ àkànṣe di ti gbogbo ayé, òṣùwọ̀n á bàjẹ́, pé ìka kò dọ́gba. Mo gbà pé ìka kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì ka gbogbo ìka kò lè sọ èyí tó gùn jù. Broward kò rẹ òṣùwọ̀n sílẹ̀ kó tó rí ọmọ púpọ̀ sí i. Nǹkan tó tún bá èyí mu ni òfin tí North Carolina ṣe ní 2018, pé ọmọ tó bá gba máàkì tó ga jù nínú ìdánwò ìṣirò ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì ìṣirò tó ga, láìdúró de ẹni tí yóò dárúkọ rẹ̀. Texas tẹ̀ lé e ní 2023, ó ní kí àwọn tó wà ní ìdá 40 òkè nínú ìṣirò kíláàsì karùn-ún wọ ọ̀nà ìṣirò tó ga ní kíláàsì kẹfà, àfi bí òbí bá kọ̀wé pé òun kò fẹ́. Ìpínlẹ̀ méjèèjì yìí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ràn kí wọ́n rẹ òṣùwọ̀n sílẹ̀. Máàkì náà ti wà nínú fáìlì látẹ̀yìn wá, wọ́n kàn pàṣẹ pé kí wọ́n lò ó ni, owó tí irú òfin bẹ́ẹ̀ sì ń ná ìjọba kò tó nǹkan.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti olùkọ́. Ní 2025, àwọn aláṣẹ ilé ìwé Káúńtì Montgomery gbé àbá kalẹ̀ láti pín káúńtì náà sí agbègbè mẹ́fà, kí agbègbè kọ̀ọ̀kan ní ètò àkànṣe tirẹ̀, dípò kí gbogbo ọmọ máa sáré lọ sí Blair àti ilé ìwé mélòó kan mìíràn. Àwọn òbí kan béèrè ibi tí olùkọ́ tí yóò kọ́ ìṣirò tó kọjá ti girama ní ibi mẹ́fà yóò ti wá, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á fọ́ ètò kan tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1985 sí wẹ́wẹ́. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Kíláàsì tí wọ́n kọ orúkọ àkànṣe sí lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹni tó wà níbẹ̀ kò sì mọ ohun tó ń kọ́, ẹ̀tàn ni fún ọmọ tálákà, ó sì burú ju kí wọ́n sọ fún un pé kò sí lọ. Ṣùgbọ́n èyí ń sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n yára tó ni, kì í ṣe ìdí láti jókòó. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé owó sórí ìdálẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, kí àwọn olùkọ́ Blair kọ́ àwọn tó ń bọ̀, kí wọ́n ṣí ibi kan tàbí méjì tó dúró dáadáa kí wọ́n tó ṣí ìkẹta. Kí wọ́n sì ṣètò bọ́ọ̀sì tí yóò máa gbé àwọn ọmọ lọ, nítorí àyè tí ọmọ kò rí ọkọ̀ dé, bí ẹni pé kò sí ni.

Àwa tó wà nílé ní Nàìjíríà kò ṣàì mọ irú ìjà yìí. Ní 2013, àwọn ìwé ìròyìn gbé máàkì àbáwọlé àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ jáde: ọmọ Èkó ní láti gba 133, ọmọ Ògùn 131, ọmọkùnrin láti Zamfara sì lè fi mẹ́rin wọlé. Inú bí àwọn òbí wa, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìbínú náà, díẹ̀ ni ẹni tó béèrè ìdí tí àyè tó dára fi kéré débi tí a fi ń fi máàkì lé ara wa jáde, àti ẹni tó lọ yẹ àwọn ọmọ Zamfara wò kí wọ́n tó dé ìdí ìdánwò. Orílẹ̀-èdè méjèèjì ló ń ná agbára wọn sórí ẹnu ọ̀nà, nígbà tí ilé fúnra rẹ̀ kò gba èrò.

Ẹ̀yin òbí Yorùbá tí ọmọ yín ń lọ sí ilé ìwé ìjọba ní Maryland, Virginia, Texas tàbí New York, ẹ má dúró de ìwé láti ilé ìwé. Ẹ béèrè báyìí bóyá wọ́n ń yẹ gbogbo ọmọ wò, ọdún wo ni wọ́n ń ṣe é, àti ibi tí máàkì ọmọ yín gbé e dé. Ẹ má sì béèrè fún ọmọ tiyín nìkan. Ẹ béèrè fún ọmọ aládùúgbò tí ìyá rẹ̀ kò ráyè kúrò níbi iṣẹ́. Ní Montgomery àti Fairfax, ìbò ni wọ́n fi ń yan ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń fún ará ìlú láyè láti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wọn, kódà ẹni tí kò tíì di ọmọ onílùú. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n yẹ gbogbo ọmọ wò lọ́dọọdún, kí wọ́n fi kún àyè, kí wọ́n sì kọ́ olùkọ́ tí yóò kọ́ wọn.